Ẹ jẹ́ kí omi ṣáájú òrí

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọ̀sẹ̀. Onídìrí ni mí. Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí tí mo ti ń jẹun nídìí irun, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi títí di òní tí àwọn tí mo dirun fún nígbà tí wọ́n wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá bá mi. Ojú ewé àwọn obìnrin ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí ohun tó mú mi gbé kálàmù.

Ẹnì kan kọ síbẹ̀ pé kí á po òrí mọ́ ìyẹ̀fun oríṣi mẹ́rin tó wá láti Íńdíà, kí á fi kun irun láti ìdí dé ṣóńṣó, kí á fi aṣọ wé e, kí á má sì kan omi sí i títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi pé. Ó ní láàárín oṣù kan, irun yóò ti gùn dé èjìká. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, mi ò sì bá a jà. Ó hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ó fẹ́ràn irun, bẹ́ẹ̀ lèmi náà. Ṣùgbọ́n irú àdàlù yẹn gan-an ni mo fi odindi ọ̀sán kan fọ̀ kúrò lórí oníbàárà mi kan, n kò sì lè dákẹ́ kí ẹlòmíràn tún kó sínú ẹ̀.

Olùkọ́ ni ọmọbìnrin náà. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ló wọlé, ó so gèlè mọ́rí pinpin, kò sì fẹ́ tú u lójú àwọn tó jókòó. Mo mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó tú u, irun rẹ̀ ti gan bí amọ̀ tí oòrùn pa. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ló ní, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, á máa ru sílẹ̀ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Mo bu omi sí i. Omi náà ń yí bọ́ kúrò lórí irun bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí ewé kókò. Òrí ti bo gbogbo fọ́nrán irun, kò jẹ́ kí omi ráyè wọlé. Ìyẹ̀fun náà sì ti há sínú òrí, kò rọ́nà jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ọṣẹ ìfọrun fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Mo pín in sí ọ̀nà méjìlá, mo ń fi ìka tú u kí n tó fi òòyà eléyín gbọọrọ kàn án. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó fojú kan awọ orí rẹ̀. Irun tó já sínú abọ́ tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé. Ó tẹjú mọ́ abọ́ náà títí, omi lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Mummy, ṣebí àdáyébá ni gbogbo ẹ̀?"

Àdáyébá ni lóòótọ́. Wèrèpè náà, àdáyébá ni. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kò sí èyí tó burú nínú ohun tó kó jọ, àmọ́ ọ̀nà tó gbà lò wọ́n ni kò tọ́: ó ti ilẹ̀kùn kí àlejò tó wọlé. Ó ní kò yé òun. Mo bá jókòó, mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú òrí ṣáájú, nítorí òun la mọ̀ jù, òun náà la sì ń ṣì lò jù. Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Òkè-Ògùn lọ́dún kan lásìkò òjò; òrí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán làwọn obìnrin ibẹ̀ ti wà lóko, tí wọ́n ń ṣa èso tó já bọ́ lóru. Wọn kì í gun igi rẹ̀, wọn kì í ká a. Èyí tó bá pọ́n fúnra rẹ̀ ló ń wálẹ̀. Wọ́n á bó ẹran ara rẹ̀, wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á yan án, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ títí yóò fi di ohun dúdú kan tó ń dán. Ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀ ti ọpọ́n ńlá kan, ó ti apá méjèèjì bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń pò ó, ó ń gbá a, kò dúró. Mo ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí èjìká fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ìyá tún gbà á padà. Nígbà tó yá, mo rí i tí ohun dúdú yẹn ń funfun lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ọ̀rá sì ń léfòó bí ìfófòó ọṣẹ. Ìyẹn ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n fi omi tútù fọ̀, tí wọ́n tún gbé kaná títí gbogbo omi inú rẹ̀ fi gbẹ, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tó wá dì.

Ẹ kíyè sí ìparí iṣẹ́ yẹn dáadáa. Omi tó wà nínú òrí, àwọn tó ń ṣe é ti fi iná lé e lọ kó tó dọ́wọ́ wa. Ọ̀rá pọ́ńbélé ni òrí. Kò ní omi tí yóò fún irun. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí kò sì sí ohun tí mo mọ̀ tó ṣe é jù ú lọ, ni pé kó dáàbò bo omi tó ti wà nínú irun tẹ́lẹ̀ kó má baà tètè fẹ́ lọ. Bí irun bá gbẹ tí o fi òrí lé e, gbígbẹ náà lo dè mọ́bẹ̀. Ẹni tó bá ti fi òrí pa ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Bí o bá wẹ̀ tán tí o pa á kí omi tó gbẹ lára, ara á jọ̀lọ̀ títí dalẹ́. Bí o bá pa á sára tó ti gbẹ, á kàn máa dán lójú, abẹ́ rẹ̀ á sì máa yún ọ.

Irun tiwa sì nílò rẹ̀ ju irun ẹlòmíràn lọ. Awọ orí gbogbo ènìyàn ló ń mú epo jáde. Lórí irun tó nà gbọọrọ, epo yẹn á rọra ṣàn dé ṣóńṣó. Tiwa ká kókóko, epo kì í lè gba orí ìkákò gbogbo yẹn kọjá, ìdí nìyẹn tí ìdí irun fi lè máa dán kí ṣóńṣó rẹ̀ gbẹ bí koríko. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ àwọn ìyẹ̀fun Íńdíà náà.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Igi òrí, tó hù láti Senegal títí dé Uganda, máa ń tó bí ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́, ó sì lè wà láyé fún igba ọdún. Síbẹ̀ wọ́n ń gé e ṣe èédú. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí tí a kò tíì ṣe jáde ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, pé kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dúró sí ilé. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin lórí kóró láìsí òfin lórí àáké kò tíì tán ọ̀rọ̀ náà lójú tèmi. Obìnrin tó gé igi òrí lónìí kò ní rí òmíràn tí yóò so kí ọmọ rẹ̀ tó relé ọkọ.

Ó wá kan àwọn ìyẹ̀fun. Ìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Ayurveda ni wọ́n ti wá, ìmọ̀ náà sì ti pẹ́ gidigidi. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ìtọ́jú irun débi pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà shampoo. Nínú èdè Hindi, ohun tó jẹ́ ni kí á fọwọ́ tẹ ara tàbí orí kó rọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ mú ìyẹ̀fun yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo sì ti lo èyí tó pọ̀ nínú wọn lórí ara mi kí n tó fi kan orí oníbàárà.

Èso igi ni amla. Ó kan, ó sì kún fún fítámì C. Ó máa ń jẹ́ kí irun le dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi irun mu pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe ohun à ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí irun tó gbẹ bíi tiwa. Shikakai, èèpo èso kan tó rí pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lọ̀. Bó bá kan omi, á hó bí ọṣẹ, òun sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin Íńdíà fi ń fọrun kí ọṣẹ inú ìgò tó dé. Ẹ má jẹ́ kó kán sójú, ó ń ta ènìyàn gan-an. Methi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kóró kéékèèké ni, bí a bá rẹ ẹ́ mọ́jú, á máa yọ̀ bí ewédú, òòyà á sì máa gba àárín irun kọjá láìsí ariwo. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un, ìdílé ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló ti wá. Neem kò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé, dóńgóyárò wa náà ni.

Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ nìyí, òun sì ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé: inú omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìkan inú amla, ìhó inú shikakai, yíyọ̀ inú methi, omi ló ń fà wọ́n jáde. Bí o bá da ìyẹ̀fun yìí sínú òrí láìsí omi, ìyẹ̀fun náà á kàn jókòó síbẹ̀ bí yanrìn inú bọ́tà. Kò ní fún irun ní ohun tó wà nínú rẹ̀, á sì máa ha fọ́nrán irun ní gbogbo ìgbà tí o bá yí orí sí ìrọ̀rí. Ohun tó já irun olùkọ́ yẹn nìyẹn.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣebí àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ní epo irun tí wọ́n fi ewé sè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé ewé, omi àti epo kaná pọ̀, iná náà kò ní le, títí omi á fi gbẹ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á da gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù. Epo nìkan ló ń dé orí. Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí ewé wọ inú òrí rẹ, ọ̀nà yẹn ni kí o gbà. Kí ewé náà gbẹ, kí o gbé abọ́ òrí sínú omi gbígbóná dípò orí iná, kí o sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí òrí náà bá dì tán tó ní kóró kéékèèké nínú, kò bàjẹ́. Dídì díẹ̀díẹ̀ ló fà á. Yọ́ ọ padà, kí o tètè gbé e sínú omi tútù, á jọ̀lọ̀. Èyí tó bàjẹ́, imú rẹ á sọ fún ọ.

Ohun kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun yìí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní bhringraj, òun ni wọ́n ń yìn jù pé ó ń mú irun dúdú kó sì pọ̀. Nígbà tí mo rí àwòrán ewé náà lẹ́yìn ọ̀rá, mo pe ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó máa ń kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, mo fi hàn án. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Abíkolo nìyí." Lọ́jọ́ kejì ó mú un wá fún mi ní tútù: ewé tó le díẹ̀ lọ́wọ́, òdòdó funfun róbótó tó kéré bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé, igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Mo fún un láàárín ìka mi, omi rẹ̀ jáde ní àwọ̀ ewé, kó tó pẹ́ ó ti dúdú, ìka mi sì dúdú títí dọjọ́ kejì. Etí omi ló ń hù sí, a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà wa mọ dúdú rẹ̀ yẹn, wọ́n ń fi omi rẹ̀ sójú ara fínfín kó lè dúdú. Ohun tí a ń dúró de ọkọ̀ òkun kó gbé wá, ẹsẹ̀ wa ló ń bọ̀ lórí rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni já ewé tí kò mọ̀ o. Mo ní kí á bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí á sì mọ orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pè é.

Làálì náà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ti ara mi ni mo sì fẹ́ sọ. Nígbà tí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí mi, mo ra ìyẹ̀fun kan tí wọ́n kọ "làálì dúdú" sí lára. Wọ́n ní wákàtí kan péré, irun á dúdú bí kóró iṣin. Ó dúdú. Ní òru ọjọ́ yẹn, awọ orí bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí ẹni tí wọ́n fi ata pa. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, iwájú orí mi ti wú wá sílẹ̀ bo ìpéǹpéjú, ojú ọ̀tún kò ṣí rárá, omi sì ń jáde lẹ́yìn etí mi méjèèjì. Dókítà tó tọ́jú mi sọ pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PPD ló ṣe é, èyí tí wọ́n ń fi sínú aró irun. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ara mi kò ní gbà á mọ́ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ èyí. Làálì gidi kì í dúdú fúnra rẹ̀. Ewé ni, ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n bí epo tàbí bí ilẹ̀pa, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ kó dúdú láìsí kẹ́míkà, aró ẹ̀lú ni wọ́n ń fi tẹ̀lé e, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń kùn ún. Èyí tó bá sọ pé òun ń dúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní wákàtí kan, ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì fi làálì èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ gidi, kan ara tàbí orí ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tó tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Irú ọmọ tí wọ́n ń torí ẹ̀ kìlọ̀ pé kí á má fi kàǹfọ̀ sí aṣọ rẹ̀ ni. Làálì náà lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kó sì di ti ilé ìwòsàn.

Ó tún ku òjé. Lọ́dún 2004, àwọn oníṣègùn kan ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yẹ oògùn Ayurveda 70 wò tí wọ́n ń tà ní ìlú náà. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì, májèlé sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oògùn tí wọ́n ń gbé mì ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ti irun, n kò sì fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá tó ń po amla irun mọ́ omi tó sì ń mu ún, pé ohun tó dára fún irun á dára fún inú. Ẹ jọ̀wọ́, ti orí, ẹ fi sórí. Bí ìyẹ̀fun bá wà nínú ọ̀rá lásán, tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí tó bá sì wọ̀ ọ́, lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ oníbàárà ni mo ti ń kọ́kọ́ fi dán an wò fún ọjọ́ méjì.

Ní ti pé irun á gùn dé èjìká láàárín oṣù kan, kò ṣeé ṣe. Sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó lé díẹ̀ ni irun ń hù lóṣù. Kò sí ìyẹ̀fun tó ń lé e sáré. Ohun tí ìtọ́jú dáadáa ń ṣe ni pé èyí tó hù kò ní máa já. Irun púpọ̀ tí ẹ rò pé kò hù, ó ń hù; ṣóńṣó rẹ̀ ló ń já bó ṣe ń hù.

Iwájú orí tó ti pá, tí awọ ibẹ̀ ń dán, òrí kò lè ṣe é, amla kò lè ṣe é. Níbí, àwa onídìrí lẹ́jọ́ wà lọ́rùn wa. Àwa la ń fà á títí ojú oníbàárà fi ń ga sókè, tí a ń sọ fún un pé "mú un mọ́ra, ó máa rọ̀." Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo rí àwọn obìnrin tí mo dirun fún nígbà náà lójú ọ̀nà báyìí, mo ń wo iwájú orí wọn, ó sì ń dùn mí dé egungun. Bí roro bá yọ ní ìdí irun lẹ́yìn tí wọ́n dì í tán, ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kejì nítorí owó tí ẹ san. Bí ibẹ̀ bá ti ń pá, ẹ lọ rí dókítà awọ ara nígbà tí ihò irun kò tíì dí.

Mi ò sì torí gbogbo èyí ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí rílásà. Lọ́dún 2022, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, obìnrin 33,497 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kò fi kẹ́míkà na irun rí, àwọn tí yóò ní àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé àádọ́rin ọdún kò pé méjì. Nínú àwọn tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, ó tó mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ọwọ́ mi po rílásà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń sá fún un báyìí, ọ̀nà tó dára ni wọ́n ń tọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á máa fi òótọ́ tọ́ wọn sọ́nà.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń fọ irun náà ná kí epo àtijọ́ kúrò. Mo á bu ìyẹ̀fun ṣíbí ńlá mẹ́ta sínú abọ́ tí kì í ṣe irin, mo á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pò ó kó dà bí ẹ̀kọ mímu, mo á bò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Mo á wá fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ sẹ́ ẹ, ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Irun tó tutù ni mo ń fi sí, ní ìpín ìpín, mo á fi ọ̀rá bò ó kó má baà gbẹ mọ́rí, kò sì ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo á ṣàn án títí omi tó ń bọ́ sílẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Bó bá jẹ́ amla tàbí shikakai ni mo lò, omi methi ni mo fi ń tẹ̀lé e kí irun lè rọ̀ padà. Òrí ló kẹ́yìn, nígbà tí irun ṣì tutù. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ju orí ìka àtàǹpàkò lọ fún odindi orí. Mo á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ títí kò fi ní sí kóró kankan nínú rẹ̀, ṣóńṣó irun ni mo sì ń kọ́kọ́ fi kàn kí n tó gòkè. N kì í fi pa awọ orí ẹni tí eépá funfun ń bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lo ìyẹ̀fun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, mo á fi òwú kó irun náà kó lè nà kó sì sinmi.

Olùkọ́ yẹn ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sẹ́ methi tirẹ̀ nílé, ó gbé e wá sínú ìgò, ó ní kí n fọwọ́ kàn án wò bóyá kóró ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìkankan.

Olóòtú wa, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, ẹ bá wa tẹ ìlànà tó wà lókè yìí sójú ewé kan náà tí ti ọjọ́sí wà, kí àwọn tó ka tibẹ̀ lè rí i. Èkejì, ẹ bá wa pe ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan àti dókítà awọ ara kan jókòó pọ̀, kí wọ́n tọ́ka sí ewé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń lọ̀ sínú ọ̀rá yìí, kí ẹ sì tẹ orúkọ tí a ń pè é ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò mú abíkolo tútù wá lọ́jọ́ náà, èmi yóò mú un wá.

Èmi ni,
Onídìrí kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín